Ẹ̀kọ́ Lórí Ìwé Kíkà àti Lítíréṣọ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa



Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ girama tí wọ́n ń wá sí ilé kéú wa ní Sábọ̀n Gàrì, Kánò, ló mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Mẹ́ta nínú wọn fẹ́ ṣe Yorùbá nínú ìdánwò WAEC, ṣùgbọ́n ilé-ìwé wọn kò ní olùkọ́ Yorùbá, ni wọ́n bá kó ìwé wọn tọ̀ mí wá. Èmi kì í ṣe olùkọ́ girama o. Ilé kéú ni mo ti kàwé, ọjà ike ni mò ń tà: garawa, abọ́, kẹ́ẹ̀gì omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń kọ́ ọmọ ní kéú fún nǹkan bí 20 ọdún yóò ti mọ ibi tí ọmọ máa ń kọsẹ̀ sí nínú ìwé, ìbáà ṣe Lárúbáwá, ìbáà ṣe Yorùbá.

Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn ka ojú-ìwé kan sí mi létí. Ó kà á geere, ẹnu rẹ̀ kò kọ́ rárá. Mo ní kí ó pa ìwé dé, kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó kà. Ó dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, ó tún ṣí ìwé náà, ó fẹ́ tún un kà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè bá wọn rín in, nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣe mí rí.

Ní ọdún 1994, mo jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ ni mo ṣe wọ́límọ̀, wọ́n gbé mi kiri àdúgbò pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, gbogbo ènìyàn ń pè mí ní Ààfáà kékeré. Ní ọjọ́ kan awakọ̀ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ mú lẹ́tà wá fún màmá mi láti ilé bàbá wọn. Bàbá wa kò sí nílé, wọ́n ti lọ ra ọjà ní Màídúgùri. Màmá mi kò mọ̀wé, wọ́n sì wà ní ọjà. Mo já lẹ́tà náà, mo kà á. Lókè pátápátá, wọ́n fi Lárúbáwá kọ Innaa lillaahi wa innaa ilayhi raaji'uun. Mo kà á yẹn-in yẹn-in. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pé òpó ilé àwọn ti yẹ̀, kí màmá mi máa bọ̀ kíákíá, kí ọ̀rọ̀ má baà kọjá lójú wọn.

Mo mọ òpó. Mo mọ̀ pé ilé alámọ̀ àtijọ́ ni ilé bàbá màmá mi, òpó igi ló sì gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo ti fara ti òpó náà rí nígbà tí a lọ ṣọdún Iléyá. Ní ti Innaa lillaahi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ìhín, bí abọ́ bá fọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, òun náà ni yóò sọ. Nítorí náà nígbà tí màmá mi ti ọjà dé, tí wọ́n bi mí pé kí ni lẹ́tà wí, mo dáhùn pẹ̀lú ìgboyà pé, "Wọ́n ní ọ̀kan nínú òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wó, wọ́n ní kí ẹ wá wò ó." Màmá mi ní àwọn kò ní lè rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ torí òpó. Wọ́n fi owó rán awakọ̀ náà padà, pé kí wọ́n fi ra igi àti símẹ́ǹtì.

Ó pé ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà kí ará ìlú wa kan tó ti ilé dé. Ó yà kí màmá mi, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o." Màmá mi bi í pé, "Àṣẹ̀yìndè ta ni?"

Bàbá wọn ló kú. Wọ́n ti sin wọ́n, wọ́n ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi sì ń bi ara wọn léèrè irú ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú tí ó fi owó símẹ́ǹtì ránṣẹ́. Màmá mi kò nà mí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Kí ló dé tí o kò ka ọ̀rọ̀ náà sí mi létí bí wọ́n ṣe kọ ọ́?" Bí mo bá ti sọ "òpó ilé ti yẹ̀" gẹ́lẹ́, kíá ni wọn ì bá ti mọ̀. Èmi ni mo pààrọ̀ "yẹ̀" sí "wó", tí mo fi "ọ̀kan nínú" kún un, tí mo sì sọ "ilé" di "ọ̀dẹ̀dẹ̀". Mo túmọ̀ ohun tí kò yé mi.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa bẹ̀rẹ̀. Ka ohun tí a kọ, bí a ṣe kọ ọ́, kí o tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ń tú Kùránì: a ó ka áyà ná, a ó wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Nínú ìwé Yorùbá, ohun tí a kọ kì í ṣe lẹ́tà nìkan, àmì ohùn wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń fò ó bí ẹni pé eṣinṣin ló bà sórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò jẹ́ fo fatha, kasra tàbí damma ní ilé kéú, nítorí ẹ mọ ohun tí ẹgba wí.

Àwọn onímọ̀ gírámà Lárúbáwá máa ń pa ìtàn kan nípa Abu al-Aswad ad-Du'ali, ẹni tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní Hijira. Wọ́n ní ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ka ìbẹ̀rẹ̀ Súúrà Tawba, tí ó fi kasra sí ibi tí damma yẹ kí ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà, ó wá dà bí ẹni pé Ọlọ́run kọ Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn abọ̀rìṣà. Ẹ̀rù ba Abu al-Aswad, ìyẹn sì wà lára ohun tí wọ́n ní ó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára Kùránì. Nínú Yorùbá tiwa náà, ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a wọ̀ wá sí Kánò, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń gbé lọ ojú ogun. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ tí ó bá sọ nínú ìdánwò pé ìyàwó ń dáná fún ọkọ́ rẹ̀ ti sọ pé ó ń dáná fún irin.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí òpó. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni a ń pè ní àdàpè. Yorùbá kì í fẹ́ pe ikú ní orúkọ, pàápàá ikú àgbà. A ó ní erin wó, a ó ní òpó yẹ̀, a ó ní ó ti ṣípò padà. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Àdàpè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ọnà èdè, ẹ̀wà tí à ń fi sára ọ̀rọ̀. Àkànlò èdè jọ ọ́. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan fi ààké kọ́rí, kò sí ààké níbẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín máa ń ṣòro fún nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn kọ́, àwa tí a ń fi Yorùbá jánjàn-ánján bá wọn sọ̀rọ̀ nílé ló ni í. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú wọn gba ọ̀nà Hausa wọlé. Mo bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá ní "ransa ya ɓaci", kí ni ó wí? Gbogbo wọn á dáhùn pé inú ń bí onítọ̀hún. Mo ní ṣùgbọ́n bí a bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí rẹ̀ bàjẹ́ ni! Wọ́n á rẹ́rìn-ín, á sì yé wọn pé kò sí èdè tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀.

Àwọn ọnà èdè yòókù kò ṣòro, inú ọjà ni a ti ń gbọ́ wọn lójoojúmọ́. Bí mo bá ní oníbàárà kan ń sọ̀rọ̀ bí àparò, àfiwé tààrà ni, nítorí mo lo "bí"; "dà bí" náà wà níbẹ̀. Bí mo bá yọ "bí" kúrò, tí mo ní àparò ni obìnrin yẹn, ó di àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Bí mo bá ní oòrùn Kánò nà mí ní pàṣán lónìí, mo ti fún oòrùn ní ọwọ́ ènìyàn, ìfohunpènìyàn nìyẹn. "Ebi ti pa mí kú" jẹ́ àsọdùn, nítorí òkú kì í béèrè oúnjẹ. Bí ìyá rẹ bá sì bá ọ níbi tí o ti da epo sílẹ̀, tí wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ rere," má ṣe dúpẹ́. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ni. Nínú ìdánwò, kò tó kí ẹ dárúkọ ọnà èdè nìkan. Ẹ sọ ohun tí ó ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà: ṣé ó mú wa rẹ́rìn-ín ni, àbí ó fi ìbẹ̀rù hàn, àbí ó bo ohun kan mọ́lẹ̀?

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Nínú àkàyé, ìbéèrè oríṣi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Èkíní ń wá kókó, ohun tí gbogbo àyọkà náà dá lé lórí. Èkejì ń wá kúlẹ̀kúlẹ̀: ta ni, níbo, nígbà wo. Ẹ̀kẹta ni ó ń já ọmọ kulẹ̀, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lójú ìwé. Òǹkọ̀wé fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ ni, òǹkàwé ni yóò fà á yọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń fà á yọ, ẹ ka Súúrà Yúsúfù. Òun ni Súúrà kejìlá, áyà rẹ̀ jẹ́ 111, Kùránì fúnra rẹ̀ sì pè é ní ìtàn tí ó dára jù. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o. N kò pe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní àròsọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá fi ojú là á kà, yóò kọ́ wa bí a ṣe ń kàwé.) Ẹ tẹ̀ lé ẹ̀wù nínú Súúrà náà. Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀wù Ànábì Yúsúfù jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọbàkan rẹ̀ ju òun sínú kànga, wọ́n gbé ẹ̀wù rẹ̀ tọ bàbá wọn wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́ lára rẹ̀, wọ́n ní ìkookò ló pa á jẹ. Bàbá kò gbà wọ́n gbọ́. Kí ló dé? Àwọn onítumọ̀ Kùránì sọ pé ẹ̀wù náà kò ya. Ìkookò wo ni yóò jẹ ènìyàn tán tí kò ní fa ẹ̀wù rẹ̀ ya? Bàbá ka ẹ̀wù bí ẹni ń kàwé, ó sì rí ohun tí wọn kò sọ.

Ìgbà kejì, ní ilẹ̀ Íjíbítì, obìnrin tí Yúsúfù wà nílé rẹ̀ fi ìwàkiwà lọ̀ ọ́, Yúsúfù sá lọ sí ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà fa ẹ̀wù rẹ̀ ya lẹ́yìn. Ó pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yí ẹjọ́ dà sí Yúsúfù lórí. Ẹnì kan nínú ará ilé obìnrin náà ló dá a: bí ẹ̀wù bá ya níwájú, obìnrin ló jàre, bí ó bá ya lẹ́yìn, ọkùnrin ló jàre. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo máa ń dá ìwé dúró níbí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan dìde lọ́dún tó kọjá, ó ní, "Ààfáà, ẹni tí ó ń sá lọ ni wọ́n máa ń fà lẹ́wù láti ẹ̀yìn." Mo fún un ní garawa tuntun kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ yẹn ti mọ àkàyé.

Ìgbà kẹta, Yúsúfù ti di ẹni ńlá, ó ní kí wọ́n mú ẹ̀wù òun lọ bo ojú bàbá òun tí ẹkún ti fọ́ lójú, bàbá sì ríran padà. Ẹ̀wù tí wọ́n fi parọ́ fún bàbá níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù náà ló mú ayọ̀ wá fún un nígbẹ̀yìn. Àlá ìràwọ̀ 11 tí Yúsúfù lá ní kékeré náà kò ṣẹ àfi nígbà tí ìtàn ń parí. Bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣe ń bí èyí tí ó tẹ̀ lé e títí dé òpin ni a ń pè ní àhunpọ̀ ìtàn. Àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀dá ìtàn, ibi àti àkókò tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni ibùdó ìtàn, ohun tí ó sì wà fún gbogbo rẹ̀ ni kókó. Bí ìwé tí wọ́n yàn fún yín bá ṣú yín lójú, ẹ wá nǹkan kan tí ó ń jáde léraléra nínú rẹ̀ bí ẹ̀wù yẹn, kí ẹ di ìrù rẹ̀ mú.

Nípa ẹ̀ka lítíréṣọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí a ń fi ẹnu gbé wà, bí oríkì, àlọ́, ìjálá àti ẹkún ìyàwó. Èyí tí a kọ sílẹ̀ sì wà, ìyẹn ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn. Àwọn òbí kan sọ fún mi pé abọ̀rìṣà ni ó ni lítíréṣọ̀ Yorùbá, pé kí n fi Lárúbáwá nìkan kọ́ ọmọ àwọn. Wákà tí àwọn ìyá wa ń kọ ńkọ́? Wéré tí a fi ń jí ènìyàn sáárì nínú ààwẹ̀, inú èyí tí fújì ti jáde, ńkọ́? Ní Ìlọrin, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Badamasi ti Agbájí ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ewì Yorùbá sílẹ̀. Ní ti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, lóòótọ́ ni iwin kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka ìtàn iwin kò tíì bọ iwin. Èrò tèmi nìyẹn, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun kan tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nínú eré onítàn ni kí ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ìtàn gidi. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970. Ẹfúnṣetán gbé ayé ní tòótọ́. Ìyálóde Ìbàdàn ni, oníṣòwò ńlá tí ó ní ẹrú púpọ̀, tí ó sì ń ta ohun ìjà fún àwọn ológun. Nínú eré, ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ó sì pa Adétutù tí ó lóyún. Nígbẹ̀yìn, ó gbé májèlé jẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á lóru ní 1874, ọwọ́ Ààrẹ Látòóṣà sì wà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé kò parọ́. Eré ló kọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti tún un hun. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà, ohun tí ó wà nínú ìwé ni kí ẹ kọ. Bí wọ́n bá sì béèrè irú ẹni tí Ẹfúnṣetán jẹ́, ẹ má ṣe kọ "ó burú" kí ẹ wá sinmi. Ẹ sọ ohun tí ó ṣe, ohun tí ó sọ, ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀, kí ẹ sì wá ìdí ìkà náà. Obìnrin tí ìbànújẹ́ ọmọ ti wọ̀ lára kò rí oyún ẹlòmíràn bí àwa ṣe ń rí i.

Ó kù kí a dán an wò. Ẹ ka àyọkà kékeré yìí, èmi ni mo kọ ọ́:

Aago mẹ́rin kò tíì lù tí ìyá Ráfíù fi ru ẹrù rẹ̀ wọlé láti ọjà. Ìkòkò ẹ̀wà kún bí ó ṣe kún láàárọ̀. Ráfíù ní, "Màmá, ọjà ńkọ́?" Ìyá rẹ̀ ní, "Ọjà dára, ọmọ mi. Gbogbo ìlú ló wá tò síwájú mi." Ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán. Lójú ọ̀run, ìkùukùu dúdú ń sáré bí agbo àgùntàn tí ajá lé, ilẹ̀ àgbàlá sì ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ráfíù kò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Owó ìwé tí ó fẹ́ gbà láti ìdajì ọ̀sẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀. Ó bù nínú ẹ̀wà náà sínú abọ́ mẹ́fà, ó gbé e lọ sí ojúlé àwọn aládùúgbò, ó ń kígbe pé ẹ̀wà ti dé.

Ǹjẹ́ ìyá Ráfíù tà lọ́jọ́ náà? Ọ̀rọ̀ wo nínú àyọkà ló fi hàn yín? Irú ọnà èdè wo ló wà nínú ìdáhùn tí ó fún ọmọ rẹ̀, kí ló sì dé tí kò sọ òtítọ́ fún un gbangba? Kí ni ó ba ọjà náà jẹ́? A kò kọ ọ́, ẹ fà á yọ. Ẹ wá àfiwé tààrà kan jáde. Kí ló dé tí Ráfíù kò dárúkọ owó ìwé, irú ọmọ wo sì ni ẹ lérò pé ó jẹ́?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ilé kéú ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ka àyọkà náà sí yín létí, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí wọ́n tó mú bírò.